Àgbákò ni àbí Àfọwọ́fà? Lórí Fíìmù Ferrari

Ìdílé kan jókòó sídìí tábìlì nínú ilé kan tí kò jìnnà sí títì. Oúnjẹ wà nílẹ̀, àwọn ọmọdé ń pariwo, gbogbo nǹkan rí bó ṣe máa ń rí nílé ẹnikẹ́ni lọ́jọ́ Sunday. Ni wọ́n bá gbọ́ ìró ọkọ̀ láti òkèèrè. Àwọn ọmọ dìde, wọ́n sá jáde lọ sí ẹ̀bá títì láti lọ wo eré. Bí ẹ bá ti gbọ́ ìtàn eré ọkọ̀ Mille Miglia ti ọdún 1957 rí, ibi tí àwọn ọmọ yẹn ti dìde nídìí tábìlì ni àyà yín á ti já. Bí ẹ ò bá gbọ́ ọ rí, ẹ ó kàn rò pé olùdarí fíìmù ń fi ìgbé ayé àwọn ará Ítálì ṣe yín lálejò ni.

Ẹ̀ẹ̀mejì la wo fíìmù yìí, Ferrari, tí Michael Mann darí. Ìgbà àkọ́kọ́, a wò ó bí ẹni tó fẹ́ràn ọkọ̀. Ẹ́ńjìnnì ń ké, ọkọ̀ pupa ń gba àárín òkè kọjá, àwa náà ń mi orí. Ìgbà kejì, ojú tí a fi ń wo iṣẹ́ wa la fi wò ó. Software la ń kọ láti jẹun, ara iṣẹ́ náà sì ni pé bí nǹkan bá bàjẹ́, a ó jókòó kọ ìròyìn sílẹ̀: kí ló ṣẹlẹ̀, kí ló fà á, kí la máa ṣe kó má ṣẹlẹ̀ mọ́. Ìgbà kejì yẹn ni inú bẹ̀rẹ̀ sí í bí wa díẹ̀ díẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ sọ ohun tí Mille Miglia jẹ́, torí fíìmù náà ò fi bẹ́ẹ̀ dúró ṣàlàyé. Ẹgbẹ̀rún máìlì ni orúkọ náà túmọ̀ sí. Láti Brescia, lápá àríwá Ítálì, ni wọ́n ti ń gbéra. Wọ́n á sọ̀ kalẹ̀ dé Róòmù, wọ́n á sì gba ọ̀nà mìíràn padà sí Brescia. Gbogbo ẹ̀ tó nǹkan bí 1,600 kìlómítà. Ọdún 1927 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ ẹ̀. Kì í ṣe pápá eré ìje tí wọ́n mọ odi yí ká o. Títì gidi ni, títì tí àgbẹ̀ ń gbà lọ sóko, tó gba àárín ìlú, tó gba iwájú ṣọ́ọ̀ṣì àti ẹnu ọ̀nà ilé ìtajà kọjá. Ẹni tó bá fẹ́ wòran kò nílò tíkẹ́ẹ̀tì. Yóò kàn gbé àga síwájú ilé ẹ̀ ni, eré á wá bá a níbẹ̀.

Nọ́ńbà tí wọ́n kọ sára ọkọ̀ ni aago tó gbéra. Tí ẹ bá rí 531, aago márùn-ún kọjá ìṣẹ́jú mọ́kànlélọ́gbọ̀n, ní ìdájí, ni ọkọ̀ náà kúrò ní Brescia. Àwa ọmọ kọ̀ǹpútà fẹ́ràn irú nǹkan báyìí púpọ̀: orúkọ ọkọ̀ àti àkókò ẹ̀ wà nínú nọ́ńbà kan ṣoṣo. Àmọ́ ó tún túmọ̀ sí pé ẹni tó wà níwájú yín lójú títì lè má jẹ́ ẹni tó ń borí rárá. Aago lẹ̀ ń bá díje, ẹ ò sì rí ẹni tí ẹ̀ ń lé. Bí ẹ bá fẹ́ mọ bí wọ́n ṣe ń sáré tó, ní 1955, Stirling Moss wa ọkọ̀ Mercedes nọ́ńbà 722, ó sì parí gbogbo ẹ̀ ní wákàtí mẹ́wàá ó lé ìṣẹ́jú méje. Denis Jenkinson tó jókòó tì í ń ka bébà gígùn kan tí wọ́n ká bí ẹní, wọ́n ti kọ gbogbo kọ́nà ojú ọ̀nà sínú ẹ̀. Wákàtí mẹ́wàá, lójú títì tí ajá àti ewúrẹ́ lè gbà sọdá.

Ọjọ́ kejìlá oṣù karùn-ún ọdún 1957 ni eré tí fíìmù yìí dá lé. Ọkọ̀ 531 yẹn, ti Alfonso de Portago ni, ọmọ ìdílé ọlọ́lá láti Sípéènì, ẹni ọdún 28. Edmund Nelson, ọ̀rẹ́ ẹ̀ ará Amẹ́ríkà, ló jókòó tì í.

Fíìmù náà kọ́kọ́ jáde níbi àjọ̀dún fíìmù Venice ní 2023. Inú ìwé tí Brock Yates kọ lórí Enzo Ferrari, tó jáde ní 1991, ni wọ́n ti mú ìtàn ẹ̀. Troy Kennedy Martin tó kọ ọ́ fún fíìmù ti kú láti 2009, nítorí náà ẹ ó rí i pé ó ti pẹ́ tí Mann ti ń gbé e kiri. Adam Driver ló ṣe Enzo, Penélope Cruz ló ṣe Laura, ìyàwó ẹ̀. Ká má purọ́, Cruz ló ni fíìmù náà. Níbẹ̀rẹ̀ gan-an ló ti yìnbọn sí ògiri lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọkọ ẹ̀ tó pẹ́ kó tó wọlé láàárọ̀, a ò sì rí i kí ó ṣe ju bó ṣe yẹ lọ títí fíìmù fi parí. Bó bá kàn wo èèyàn báyìí, owó ilé iṣẹ́, ọmọ tó kú, obìnrin tí ọkọ ẹ̀ fi pamọ́ sí ìgbèríko, gbogbo ẹ̀ wà nínú ojú yẹn.

Ohun kan tó ń rín wa lẹ́rìn-ín ni pé gbogbo wọn ń sọ Gẹ̀ẹ́sì pẹ̀lú ohùn ará Ítálì, bíi pé èèyàn máa ń fi ohùn àlejò sọ èdè ìyá ẹ̀ nínú ilé ara ẹ̀. Ẹ̀yin tí ẹ ń ka àròkọ lédè Yorùbá mọ ohun tí à ń sọ. Ẹ jẹ́ ká fi ìyẹn sílẹ̀ jàre.

Ìdajì àkọ́kọ́ fíìmù náà dára gan-an, ó sì dára nítorí ó mọ ohun tó ń sọ. Ìran kan wà nínú ṣọ́ọ̀ṣì. Àlùfáà ń wàásù fún àwọn ará Modena, ó ní bó bá jẹ́ ayé òde òní ni Jésù wá, iṣẹ́ irin ni ì bá máa ṣe, kì í ṣe iṣẹ́ káfíńtà. Ní àkókò yẹn, àwọn Maserati, tí wọ́n jẹ́ orogún Ferrari nínú ìlú kan náà, ń dán ọkọ̀ wò ní pápá tí kò jìnnà. Ìbọn ìbẹ̀rẹ̀ dún. Nínú ṣọ́ọ̀ṣì, àwọn ọkùnrin yọ aago lápò, wọ́n tẹ̀ ẹ́, wọ́n ń gba ara Olúwa wọ́n sì ń ka ìṣẹ́jú àáyá. Ìbọn dún lẹ́ẹ̀kejì, wọ́n tún tẹ aago. Wọ́n wo ara wọn: wọ́n ti gba ipò wa lọ́wọ́ wa. Kò sí ẹni tó sọ̀rọ̀, kò sí àlàyé kankan, gbogbo ohun tó yẹ ká mọ̀ nípa ìlú náà ti yé wa. Eré ọkọ̀ ti di ẹ̀sìn níbẹ̀, ẹ̀sìn sì ń gba ẹbọ.

Ẹbọ náà ò pẹ́ dé. Eugenio Castellotti jáde láti lọ gba ipò yẹn padà, ọkọ̀ sì jù ú sókè bí ẹni ju aṣọ. Ó kú. Ó ṣẹlẹ̀ ní tòótọ́, ní oṣù kẹta ọdún 1957, oṣù méjì ṣáájú Mille Miglia. Nínú fíìmù, de Portago ti wà níbẹ̀, ó ń wá iṣẹ́. Ara Castellotti ò tíì tutù tí Enzo fi sọ fún un pé kó wá sí ọ́fíìsì lọ́jọ́ Monday. Níbi tí a ti ń wò ó, ẹnì kan lára wa pariwo pé "Háà!" A ò dá a lẹ́bi.

Lẹ́yìn náà ni oúnjẹ ọ̀sán tí Enzo bá àwọn awakọ̀ ẹ̀ jẹ. Ó bá wọn wí. Ó ní ọkọ̀ méjì kò lè wà lójú kan náà lẹ́ẹ̀kan náà nínú kọ́nà kan, ẹnì kan gbọ́dọ̀ fà sẹ́yìn, ó sì fẹ́ mọ ìdí tó fi jẹ́ pé awakọ̀ tòun ló ń kọ́kọ́ tẹ bíréèkì. Kò pariwo. Ó ń rẹ́rìn-ín díẹ̀ pàápàá. Àwa tí a ti bá ọ̀gá jókòó nípàdé, tí ọ̀gá ń bèèrè ìdí tí iṣẹ́ ò fi tíì jáde, mọ irú ẹ̀rín yẹn dáadáa. Gbogbo èèyàn tó wà nídìí tábìlì ló gbọ́ ohun tí kò sọ: ẹni tó bá bẹ̀rù ikú, kó wá iṣẹ́ mìíràn. Ìdí tó fi ń sọ bẹ́ẹ̀ wà ńlẹ̀ pẹ̀lú: owó ti ń tán nílé iṣẹ́, bí wọn ò bá borí nínú Mille Miglia, kò sí ẹni tó máa ra ọkọ̀ wọn tàbí bá wọn dòwò pọ̀.

Nítorí náà, kí eré tó bẹ̀rẹ̀, fíìmù ti to gbogbo ẹ̀ kalẹ̀ fún wa: ìlú tó ń bọ ọkọ̀, ọ̀gá tó ń ti àwọn ọmọ iṣẹ́, owó tó ń lé ọ̀gá, àti títì tí kò ní odi. A wá jókòó, à ń retí.

Láàárín Goito àti Guidizzolo, ní ẹkùn Mantova, títì náà lọ gbọọrọ. Kò sí kọ́nà níbẹ̀, ó sì ku díẹ̀ kí wọ́n dé Brescia. Ẹni tó bá ti wa ọkọ̀ láti ìdájí á tẹ ẹ́ mọ́lẹ̀ níbẹ̀. Táyà iwájú ọkọ̀ 531 bẹ́. Nǹkan bí 250 kìlómítà ní wákàtí kan ni wọ́n ń sá. Ọkọ̀ náà kúrò lójú títì, ó já wọ àárín àwọn èèyàn tó dúró lẹ́bàá ọ̀nà. De Portago kú, Nelson kú, olùwòran mẹ́sàn-án kú. Márùn-ún nínú àwọn mẹ́sàn-án yẹn jẹ́ ọmọdé.

A gbọ́dọ̀ gbóríyìn fún Mann níbí. Kò gbójú sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Fíìmù mìíràn á fi ariwo àti èéfín bo ibi yẹn, á wá fi ojú ìyá tó ń ké hàn wá. Ó jẹ́ ká rí ọkọ̀ náà bó ṣe fò, ó sì jẹ́ ká rí ohun tó kù sílẹ̀ lẹ́yìn tí ó kọjá. Kámẹ́rà rìn lórí wọn pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, láìsí orin. Ẹnì kan lára wa dìde lọ síta. Bó ṣe yẹ kó rí nìyẹn. Ikú yẹn kì í ṣe ohun tó yẹ kéèyàn máa jẹ gúgúrú wò.

Ibi tí wàhálà wa ti bẹ̀rẹ̀ ni ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀ ṣáájú. Mann fi ohun tó bẹ́ táyà hàn wá: irin kékeré dídán kan tí wọ́n rì mọ́ àárín títì kí awakọ̀ lè máa rí ojú ọ̀nà lóru. Táyà gorí ẹ̀, ó ya, ó parí. Mann ò dá a sílẹ̀ láti inú orí ara ẹ̀ o. Ohun tí Enzo fúnra ẹ̀ dúró lé lórí nìyẹn. Wọ́n fẹ̀sùn ìpànìyàn kàn án lẹ́yìn eré náà, àwọn olùpẹ̀jọ́ sì sọ pé àwọn táyà Englebert tí wọ́n fi sábẹ́ ọkọ̀ náà kò tó fún irú eré tí ọkọ̀ ń sá. Ẹjọ́ náà fà títí di 1961 kí wọ́n tó dá a sílẹ̀. Ìtàn tó sì wọ́pọ̀ lẹ́nu àwọn òǹkọ̀wé eré ọkọ̀ ni pé, ní Bologna, níbi ìdúró tó kẹ́yìn, wọ́n rí i pé ọkọ̀ náà ti farapa lápá ibi táyà, ṣùgbọ́n de Portago kò fẹ́ pàdánù àkókò.

Yorùbá ní ọ̀rọ̀ méjì tó yẹ ká gbé kalẹ̀ níbí. Bí ẹ̀ka igi bá wó lu ẹni tó ń lọ jẹ́jẹ́ ẹ̀, àgbákò nìyẹn. Kò sí ẹni tó máa bi í pé kí ló gbé débẹ̀. Bí èèyàn bá sì jókòó sórí ẹ̀ka, tó yọ àdá, tó ń gé ẹ̀ka tó jókòó lé, àfọwọ́fà ni, ẹkún tí a máa sun fún un yàtọ̀. Ṣùgbọ́n kí la fẹ́ pe ti ẹni tó dúró sábẹ́ igi, tí ẹlòmíràn wà lókè tó ń gé e? Fún ẹni tó wà nísàlẹ̀, àgbákò ni. Fún ẹni tó wà lókè, àfọwọ́fà ni. Guidizzolo nìyẹn. Kámẹ́rà Mann, nígbà tó sún mọ́ irin kékeré yẹn, ń sọ fún wa pé àgbákò ni fún gbogbo wọn, títí kan Enzo. Ìdajì àkọ́kọ́ fíìmù kan náà ti fi wákàtí kan gbáko sọ fún wa pé bẹ́ẹ̀ kọ́.

Níbi iṣẹ́ wa, bí ẹnì kan bá kọ ìròyìn pé "ìlà kan ṣoṣo nínú kóòdù ló fa wàhálà," a ó dá a padà fún un. Òtítọ́ lè ni, àmọ́ kò tíì bèèrè tó. Ó yẹ kó máa bi ara ẹ̀ pé "kí ló dé?" títí tí ọ̀rọ̀ á fi kan ibi tó yẹ. Kí ló dé tí táyà fi bẹ́? Irin ojú títì. Kí ló dé tí táyà kan tó bẹ́ fi pa olùwòran mẹ́sàn-án? Nítorí wọ́n dúró sẹ́bàá títì láìsí ohunkóhun láàárín wọn àti ọkọ̀. Kí ló dé tí kò sí ohunkóhun? Nítorí kò sí ẹni tó lè mọ odi sẹ́gbẹ̀ẹ́ 1,600 kìlómítà. Ó dáa, kí ló dé tí wọ́n ṣì ń sá a? Ìdáhùn ìyẹn ò sí lójú títì mọ́. Ó wà nínú ṣọ́ọ̀ṣì Modena, ó wà nídìí tábìlì tí Enzo ti ń rẹ́rìn-ín músẹ́, ó wà nínú ìwé owó ilé iṣẹ́.

Wọn ò lè sọ pé àwọn ò mọ̀, kẹ̀. Ní 1938, nínú Mille Miglia kan náà, ọkọ̀ pa àwọn olùwòran ní Bologna, àwọn ọmọdé wà nínú wọn, ìjọba Ítálì sì fòfin dè é fún 1939. Lẹ́yìn náà wọ́n tún bẹ̀rẹ̀. Ní 1955, ọdún méjì péré ṣáájú Guidizzolo, ọkọ̀ Mercedes tí Pierre Levegh ń wà já wọ àárín èrò ní Le Mans, ní ilẹ̀ Faransé, olùwòran tó lé ní 80 sì kú. Wọn ò dá eré náà dúró lọ́jọ́ yẹn. Wọ́n sá a parí, ẹnì kan sì gba ife. Gbogbo àwọn tó wà nídìí tábìlì Enzo ló gbọ́ nípa Le Mans. Nínú iṣẹ́ wa, bí irú nǹkan kan bá ṣẹlẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹ́ta, a kì í pè é ní àṣìṣe mọ́. Ohun tí wọ́n kọ́ ẹ̀rọ náà láti ṣe ló ń ṣe.

A ò sọ èyí bí ẹni mímọ́ o. Ní iléeṣẹ́ kan tí a ti ṣiṣẹ́ rí, a gbé kóòdù tuntun síta lálẹ́ Friday kan, lórí app tí àwọn èèyàn fi ń sanwó. Gbogbo wa la mọ̀ pé a ò tíì yẹ̀ ẹ́ wò tán. Ọ̀gá ní ó gbọ́dọ̀ jáde, àwọn olówó ń bọ̀ wá wò ó lọ́jọ́ Monday. Kí ilẹ̀ ọjọ́ Saturday tó mọ́, app náà ti yọ owó lẹ́ẹ̀mejì nínú àkáǹtì àwọn kan. Obìnrin kan pe nọ́ńbà wa ní ìgbà tí a ò lè kà. Owó tí ó fẹ́ fi gba oògùn ló wà níbẹ̀. Ọ̀sẹ̀ kan kọjá kí owó náà tó padà. Nínú ìròyìn tí a kọ, a kọ nípa ìlà kan nínú kóòdù, a ṣàlàyé ẹ̀ dáadáa, ó já gaara. Obìnrin yẹn wà nínú gbólóhùn kan níparí: "ìwọ̀nba díẹ̀ nínú àwọn oníbàárà." Àwa la kọ ọ́. Ọ̀rọ̀ nípa alẹ́ Friday, nípa olówó àti ọjọ́ Monday, kò sí níbẹ̀. Nígbà tí kámẹ́rà Mann sún mọ́ irin kékeré yẹn, ìròyìn wa la rí.

Kí wá ni fíìmù náà ṣe lẹ́yìn tí àwọn mọ́kànlá kú? Ó padà sílé Enzo. Àwọn oníròyìn ń bọ̀, wọ́n á pè é ní apààyàn, wọ́n nílò owó láti fi pa wọ́n lẹ́nu mọ́. Laura ló ní owó náà lọ́wọ́. Ó fún un, ó sì béèrè ohun kan: kí Enzo má fún Piero, ọmọ tó bí níta, ní orúkọ Ferrari títí òun fi máa kú. Bí Cruz ṣe sọ ọ̀rọ̀ yẹn gún èèyàn lọ́kàn, a ò jiyàn. Ṣùgbọ́n ẹ wo ohun tó ti ṣẹlẹ̀ sí Guidizzolo láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀ sígbà yẹn. Ó ti di owó tí wọ́n fẹ́ ná. Ó ti di ìdí tí tọkọtaya fi jókòó sọ òtítọ́ fún ara wọn. Ìdílé tó wà nídìí tábìlì, tí a rí oúnjẹ wọn, tí a rí ojú àwọn ọmọ wọn, a ò rí wọn mọ́. A ò mọ ẹni tó padà sí ìdí tábìlì náà.

Ẹnì kan sọ fún wa pé fíìmù nípa Enzo ni, pé kò lè sọ ìtàn gbogbo èèyàn. A gbà. A ò béèrè fún orúkọ mẹ́sàn-án lójú tẹlifíṣọ̀n. Àmọ́ fíìmù yìí ráyè fún ohun tó pọ̀. Ó ráyè fún Linda Christian, òṣèré fíìmù tó fẹnu ko de Portago lẹ́nu ní Róòmù nígbà tí eré ń lọ lọ́wọ́, fọ́tò kan tó gba gbogbo ayé lẹ́yìn ikú ẹ̀. Ó ráyè fún Piero Taruffi pẹ̀lú, tí Patrick Dempsey ṣe, Dempsey tó ń sá eré ọkọ̀ gidi fúnra ẹ̀. Taruffi ló borí lọ́jọ́ yẹn, ní wákàtí mẹ́wàá ó lé ìṣẹ́jú mẹ́tàdínlọ́gbọ̀n. Ẹni 50 ọdún ni, ó ti ń wá ife yìí láti ọdún pípẹ́, ó gbà á, ó sì fi eré sílẹ̀. Ferrari gba ipò kìíní, ìkejì àti ìkẹta. Lọ́jọ́ mìíràn, ìtàn Taruffi nìkan ni ì bá tó fíìmù kan. Ta ló ń sọ̀rọ̀ ẹ̀ lónìí? Àwa fúnra wa gan-an, ìpínrọ̀ kan ṣoṣo la rí fún un.

Wọ́n ní ilé ọba tó jó, ẹwà ló bù sí i. Kò pé ọjọ́ mélòó kan lẹ́yìn Guidizzolo, ìjọba Ítálì fòfin de irú eré bẹ́ẹ̀ lójú títì gbogbogbò, Mille Miglia sì parí lẹ́yìn ìgbà 24. Ilé iṣẹ́ Ferrari ò parí. Láti 1977, wọ́n ti sọ Mille Miglia di ìrìn àjò fún àwọn ọkọ̀ àtijọ́. Àwọn olówó ń fi ọkọ̀ iyebíye gba ojú títì kan náà, wọ́n ń juwọ́ sí àwọn ará ìlú. Òkúta ìrántí kan wà lẹ́bàá ọ̀nà níbi tí àwọn mọ́kànlá ti kú.

Ohun tó ń dùn wá jù ni pé Mann mọ bí wọ́n ṣe ń ṣọ̀fọ̀ ọmọ. Dino, ọmọ Enzo àti Laura, kú ní 1956, ẹni ọdún 24, àìsàn tó ń jẹ ẹran ara ló pa á. Láàárọ̀, Enzo máa ń lọ síbi sàréè ẹ̀, á jókòó, á bá a sọ̀rọ̀ bí ẹni pé ọmọ náà lè dáhùn. Nígbà tí ó bá jáde, Laura á wọlé lọ, òun pẹ̀lú á jókòó, kò ní sọ nǹkan kan, ẹ̀rín kékeré á wá sí i lẹ́nu, omi á sì dé ojú ẹ̀. A ò rò pé a ti rí ọ̀fọ̀ tó dára bẹ́ẹ̀ nínú fíìmù láti ọjọ́ pípẹ́. Ibẹ̀ náà ni fíìmù parí sí. Enzo di Piero lọ́wọ́ mú, ó ń mú un lọ kí ẹ̀gbọ́n ẹ̀ tí kò bá pàdé rí. Àwọn méjèèjì ń rìn lọ láàárín àwọn sàréè, bàbá ń sọ̀rọ̀, ọmọ ń gbọ́, kámẹ́rà dúró sẹ́yìn ó jẹ́ kí wọ́n máa lọ. Ọjọ́ mélòó kan péré ni lẹ́yìn Guidizzolo. Sàréè márùn-ún kéékèèké ṣẹ̀ṣẹ̀ wà níbòmíràn tí yẹ̀ẹ̀pẹ̀ orí wọn kò tíì gbẹ, ṣùgbọ́n ti Dino nìkan ni ọ̀nà tí fíìmù náà mọ̀.